Ìgò Omi Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹní

Ní Táńkè, lọ́dún tí kànga ilé wa gbẹ,
tí mẹ́ruwà ń ta kẹ́ẹ̀gì omi kan bí ẹni ń ta epo,
yàrá kan lèmi àti Nimọ́tà jọ háyà,
yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kì í padé tán,
tí ọyẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé bí àlejò tí kì í kanlẹ̀kùn.

Ẹ̀jẹ̀ tèmi kò gba òtútù.
Láti kékeré ni wọ́n ti ń wí i sí mi létí:
mu omi, wọ súwẹ́tà, lo oògùn, má sáré, má jó.
Ìyá mi ń pè láti Ìgbàjà láràárọ̀,
kí n tó rin ẹnu:
"Ṣé o ti lò ó? Búra. Fi orúkọ bàbá rẹ búra."
Mo búra.
Oògùn wà nínú ọ̀rá, ó pé géérégé
bí nọ́ọ̀sì ṣe kà á fún mi.
Ẹ̀rù ló ń ba ìyá mi, mo mọ̀;
ọmọ méjì ló ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ṣáájú mi.
Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí a bá fi ń pariwo,
irọ́ ló ń kọ́ ọmọ.

Gàníyù ní tirẹ̀ kì í pariwo.
Ó ní, "Ojú ẹ ò jọ ti aláìsàn,
kí lo ń fi oògùn ṣe?"
Inú mi dùn. Ọmọ ogún ọdún ni mí,
ta ni kì í fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀?
Mo gun ọ̀kadà lẹ́yìn rẹ̀ lọ sétí odò Àsà lálẹ́,
láìwọ súwẹ́tà, torí aṣọ pupa yẹn yẹ mí.

Òru ọjọ́ náà ni egungun mi dìde sí mi.
Ẹni tí kò ṣe rí, báwo ni n ó ṣe ṣàlàyé fún un?
Bí ẹni pé wọ́n fi ilẹ̀kùn há ọ níka
tí wọ́n sì gbàgbé láti ṣí i.
Nimọ́tà ló pọ̀n mí dé títì.
Gàníyù wá sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan,
ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo fóònù rẹ̀.
N kò bínú sí i púpọ̀. Ọmọdé lòun náà.

Nígbà tí mo padà dé yàrá,
Nimọ́tà kò ní "ṣebí mo wí fún ẹ."
Ó fi páálí dí ojú fèrèsé.
Nígbà tílẹ̀ ṣú, ó gbé ìgò omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi,
omi tó kún dé ọrùn,
nínú yàrá tí a ti ń fi ife kan bọ́jú, tí a tún ń fi í ṣan ẹsẹ̀.
Ó fi oògùn ẹyọ kan sórí ìdérí.
Ó kọ̀yìn sí mi, ó sùn.

Mo lò ó.
Ẹnì kankan kò ní kí n lò ó.
Lọ́jọ́ kejì, ìgò tún kún.
Lásìkò ìdánwò, ó kún.
Nígbà tí a jà nítorí owó iná,
tí a kò kí ara wa fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko,
ìgò kún.

Lóòórọ̀ ọjọ́ kan, èmi ni mo kọ́kọ́ pe Ìgbàjà.
"Màmá, mo ti lò ó."
Ó dákẹ́ pẹ́ títí.
Ó ní, "Búra."

Ó tó oṣù mẹ́ta kí ojú mi tó là
sí i pé Nimọ́tà kì í jẹun alẹ́.
Ó ní ààwẹ̀ ni. Ààwẹ̀ wo, nígbà tí Ràmàdáánì ti lọ tipẹ́?
Bàbá rẹ̀ kò fowó ránṣẹ́ láti Ṣáó mọ́,
mẹ́ruwà sì ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà wa lójoojúmọ́,
ó ń gbowó.

N kò bi í.
Mo se ẹ̀wà, mo fi epo sí i,
mo bu tirẹ̀ sábọ́, mo dé e,
mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀,
mo kọ̀yìn sí i, mo ń díbọ́n oorun.
Ó pẹ́.
Mo gbọ́ tí ṣíbí kan abọ́.